Kí Ó Tó Dé Ọpọlọ

Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, ẹ wá ọṣẹ àti omi kí ẹ tó wá ẹni tó ni ajá. Ẹ gbé ojú ọgbẹ́ náà sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, kí ẹnì kan máa fi ike bu omi dà á, kí ẹlòmíràn máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ọṣẹ tó bá wà nílé ló dára: ọṣẹ dúdú, ọṣẹ ìfọṣọ, ọṣẹ ìwẹ̀, èyí tí ọwọ́ bá ṣáà ti tẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 gbáko ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú 15 gùn ju bí a ṣe ń fẹnu pè é lọ. Ọmọ á sunkún, á rẹ̀ ẹ́, á dákẹ́. Ìyá rẹ̀ á ní ó ti mọ́ tónítóní, kí ẹ jọ̀ọ́ fi í sílẹ̀ báyìí. Àwọn ará ilé tó pé lé e lórí á ti máa túká. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ.

Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé ẹlòmíràn lè má ka orí yìí kọjá ojú ewé kìíní, mo sì fẹ́ kó mú ohun tó lè gba ẹ̀mí là dání. Àwọn ìdí rẹ̀ ló kù tí n ó máa sọ.

Ohun tí à ń bá jà nínú ọgbẹ́ yẹn ni fáírọ́ọ̀sì dìgbòlugi. Ojú lásán ò lè rí i, awò amúǹkantóbi tí wọ́n ń lò nílé ìwé pàápàá ò lè rí i. Lábẹ́ ẹ̀rọ tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó jọ ọta ìbọn: ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, orí rẹ̀ rí rogodo. Ọ̀rá ni ẹ̀wù tó wọ̀. Ẹni tó bá ti fọ ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí rí mọ̀ pé omi nìkan kì í ká ọ̀rá, ọwọ́ á kàn máa yọ̀ lára ìkòkò ni. Ọṣẹ ló ń tú u. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọṣẹ ṣe ń tú ẹ̀wù ọ̀rá yìí kúrò lára fáírọ́ọ̀sì. Ara ẹ̀wù náà sì ni kọ́kọ́rọ́ tó fi ń ṣílẹ̀kùn wọ inú ara wà. Bí ẹ̀wù bá ti ya, kọ́kọ́rọ́ ti sọnù nìyẹn. Omi tó ń ṣàn á wá gbé itọ́ ajá lọ kó tó ráyè jinlẹ̀.

Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ fi sípíríìtì tàbí áyódìn sí i. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré rán an pa, àyàfi tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń yà sọ́nà ni mo ti dé yìí. Àwọn kan á ní kí wọ́n gé irun ajá tó géni jẹ, kí wọ́n jó o, kí wọ́n fi epo pò ó, kí wọ́n fi di ojú ọgbẹ́. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé wọ́n á pa ajá náà, wọ́n á sun ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó gé jẹ. Mi ò fi àwọn tó gbà á gbọ́ ṣẹ̀sín, nítorí ojú ara wọn ni wọ́n fi rí i pé ó "ṣiṣẹ́". Wọ́n fi irun ajá sí ojú ọgbẹ́ ènìyàn mẹ́wàá, ó lè jẹ́ mẹ́wàá náà ló yè. Ohun tí ojú wọn ò rí ni pé ọ̀pọ̀ ajá tó ń géni jẹ ni kò ní dìgbòlugi lára rárá: ajá tó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ ni, tàbí ajá tí ọmọdé tẹ̀ mọ́ nírù, tàbí èyí tí wọ́n fẹ́ gba egungun lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí irú ajá bẹ́ẹ̀ gé jẹ ì bá yè bó tilẹ̀ jẹ́ pé ekuru ilẹ̀ lásán ni wọ́n fi sí i. Irun ajá gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe. Lọ́jọ́ tí ajá tó ní in lára bá wá géni jẹ, irun yìí kan náà ni wọ́n á fi sí i, wọ́n á sì jókòó ti ìgbàgbọ́ wọn títí ọjọ́ á fi kọjá.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó ń kọjá yìí ni kókó orí yìí. Nínú gbogbo àrùn tí mo mọ̀, mi ò mọ èyí tó burú tó dìgbòlugi bó bá ti hàn síta, mi ò sì mọ èyí tó ń fúnni láyè tó o kó tó hàn. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e láti ibi tó ti wọlé.

Fáírọ́ọ̀sì kì í dá ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Bí àfòmọ́ ló rí lórí igi kòkó: kò ní gbòǹgbò tirẹ̀, oúnjẹ igi ló ń jẹ. Inú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni fáírọ́ọ̀sì ń wọ̀, á sì sọ sẹ́ẹ̀lì náà di ẹrú tí yóò máa ṣe irú rẹ̀ jáde. Ìdí nìyí tí kápúsù tí a ń rà ní kẹ́míìsì fún egbò kì í fi í ran fáírọ́ọ̀sì. Àwọn òògùn yẹn ń ba ilé bakitéríà jẹ́ ni, bakitéríà sì ní ilé àti irinṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fáírọ́ọ̀sì ò ní ilé kankan tí òògùn á wó; ilé tiwa ló ń gbé. Láti pa á láìpa onílé, iṣẹ́ ńlá ni. Wọ́n ti rí i ṣe fún fáírọ́ọ̀sì mélòó kan: òògùn wà tó ń tẹ HIV mọ́lẹ̀ títí ẹni tó ní in á fi dàgbà dàrúgbó, òògùn wà tó ń lé jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú C kúrò lára pátápátá. Fún dìgbòlugi, kò sí.

Láti ojú ọgbẹ́, ó máa ń kọ́kọ́ fara pamọ́ sínú ẹran ara níbẹ̀, á máa bí sí i díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà á bọ́ sínú àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara, tí ẹ̀yà ara sì fi ń dá ọpọlọ lóhùn. Mo fẹ́ máa pe okùn yìí ní fọ́nrán ìmọ̀lára. Nígbà tó bá ti wọ inú fọ́nrán, á máa gùn ún lọ sókè, láti ojúgun dé itan, láti itan dé ọ̀pá ẹ̀yìn, láti ọ̀pá ẹ̀yìn dé ọpọlọ, bí ẹni ń tọ ojú irin lọ sílé. Kì í gba inú ẹ̀jẹ̀, ibi tí àwọn sójà ara ti ń ṣọ́ ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ara kì í fi í mọ̀ pé àlejò ti wọlé. Ara ẹni náà á le koko, á máa jẹun, á máa lọ sí oko àti ọjà. Ọgbẹ́ á jinná. Ìrìn náà sábà máa ń gbà tó oṣù kan sí oṣù mẹ́ta. Ó lè dín sí ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè lé ní ọdún kan. Bí ibi tí ajá ti géni jẹ bá ṣe sún mọ́ orí tó ni ọ̀nà á ṣe kúrú tó. Ẹ wá ronú ohun tíyẹn túmọ̀ sí fún ọmọ ọdún mẹ́rin tí ojú rẹ̀ àti ẹnu ajá bára dọ́gba. Nínú nǹkan bí 59,000 ènìyàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ń pa, 99 ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ajá ni wọ́n ti kó o.

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ lo àkókò tí fáírọ́ọ̀sì fi ń rìn lọ sí ọpọlọ yìí láti fi gba ẹ̀mí là ni Louis Pasteur, ará Faransé. Kò rí fáírọ́ọ̀sì yìí títí tó fi kú, nítorí kò sí awò tó lè fi í hàn án láyé ìgbà yẹn. Ohun tó mọ̀ ni pé inú ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń gbé. Òun àti Émile Roux, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, máa ń mú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ehoro tí dìgbòlugi pa, wọ́n á fi okùn so ó rọ̀ sínú ìgò tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbà kọjá. Bí ó ṣe ń gbẹ sí i ni agbára àrùn inú rẹ̀ ń dín kù. Èyí tó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kò lè ṣe ajá ní nǹkan kan mọ́. Ti àná ṣì lè pani. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ajá ní èyí tó gbẹ jù lọ, lẹ́yìn náà èyí tó tutù díẹ̀, wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ara ajá fi mọ̀ ọ́n jà.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885, obìnrin kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá bá Pasteur ní Paris láti Alsace. Joseph Meister lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ajá ti gé e jẹ níbi púpọ̀ lára ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Pasteur kì í ṣe oníṣègùn, onímọ̀ kẹ́mísírì ni, kò sì tíì dán òògùn yìí wò lára ènìyàn débi tí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀. Dókítà Grancher ló bá a gún abẹ́rẹ́ náà, abẹ́rẹ́ 13 láàárín ọjọ́ mélòó kan, láti orí èyí tó gbẹ jù dé èyí tó tutù jù. Ọmọ náà yè. Nígbà tó dàgbà, òun ni wọ́n fi ṣe aṣọ́nà ní ilé ìwádìí tí wọ́n fi orúkọ Pasteur sọ. Ní ọdún kejì, 1886, ará Rọ́ṣíà 19 tí ìkookò gé jẹ ní agbègbè Smolensk rìn dé Paris. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹranko náà ti gé wọn jẹ, síbẹ̀ 16 nínú wọn ló padà sílé láàyè. Bí àrùn mìíràn ni, ọ̀sẹ̀ méjì ti pẹ́ jù fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Dìgbòlugi ló ń rìn gbẹ̀rẹ̀ débi tí abẹ́rẹ́ fi lè bá a lójú ọ̀nà.

Abẹ́rẹ́ òde òní kì í ṣe ti inú ikùn mọ́. Mo ní láti sọ ọ́ ketekete, nítorí mo ṣì ń pàdé àwọn àgbàlagbà tí wọ́n sá fún ilé ìwòsàn nítorí abẹ́rẹ́ ikùn tí wọ́n gbọ́ nígbà èwe wọn. Apá ni wọ́n ń gún un báyìí. Ọjọ́ tí ẹ bá gba àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ òdo. Ẹ ó padà lọ ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje àti ọjọ́ 14. Àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń gún ìwọ̀nba díẹ̀ sínú awọ, sí ojú méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ní ọjọ́ òdo, ọjọ́ kẹta àti ọjọ́ keje, ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ má fi ọ̀kan sílẹ̀ láìgbà. Àìparí tó ń pani ni ti ẹni tó gba méjì, tó rí i pé ọgbẹ́ ti san, tó wá ní kí òun fi owó ìkẹta ra ìwé ọmọ.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kọ́ ara láti gbé ọmọ ogun tirẹ̀ dìde, ẹ̀kọ́ yẹn sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ajá bá ti fa ara ya tàbí tó gé ojú àti ọrùn jẹ, a ò ní lè dúró dìgbà náà. Fún irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ya ọmọ ogun lò: omi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tàbí ti ẹṣin tó ti gba àjẹsára, tí ọmọ ogun kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ìmúnóglóbúlìn ni wọ́n ń pè é. Ojú ọgbẹ́ náà gan-an ni dókítà ń tú u sí, yíká yíká, ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ó wọ́n, kì í sì í sí ní gbogbo ilé ìwòsàn wa, ó sì dùn mí gidigidi láti máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wá a tí ẹ ò rí i, ẹ má torí ìyẹn padà sílé. Fífọ ọgbẹ́ dáadáa pẹ̀lú àjẹsára tí ẹ gbà pé láìfi falẹ̀ ti gba ọ̀pọ̀ là láìsí i.

Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá dé ọpọlọ, ojú ọgbẹ́ tó ti jinná lè bẹ̀rẹ̀ sí í yún ẹni náà, tàbí kó máa gún un bí abẹ́rẹ́. Ibà á dé, àìsùn á dé, ara rẹ̀ ò ní lélẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ omi. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó fẹ́ mu, ṣùgbọ́n bí ife bá ti súnmọ́ ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á sún kì, á le gbagidi, èémí á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Nígbà tó bá yá, ìró omi nínú kóńgò tó láti kó jìnnìjìnnì bá a. Láàárín àkókò yìí, orí rẹ̀ lè pé, á mọ ìyá rẹ̀, á máa bẹ̀bẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó tán. Ní ọdún 2004, àwọn dókítà ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà mú ọmọbìnrin ọdún 15 kan tí àdán gé jẹ sun oorun àtọwọ́dá, wọ́n sì fún un ní oríṣiríṣi òògùn. Ó yè láìgba àjẹsára kankan ṣáájú. Ayé yọ̀. Wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà kan náà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìgbà náà, ó sì já wọn kulẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e.

Èmi fúnra mi, dókítà ẹranko ni mí, ọ̀rọ̀ orúkọ àrùn yìí sì ń kó mi lọ́kàn sókè. Dìgbòlugi: ẹni tó ń dìgbò lu igi. Àwọn baba wa wo ajá tí àrùn yìí mú, wọ́n rí i bó ṣe ń sáré láìmọ ibi tó ń lọ, tó ń fi orí sọ igi, tó ń gé òkúta àti àgbá jẹ. Wọ́n rí i dáadáa, orúkọ náà sì bá ohun tí wọ́n rí mu. Ṣùgbọ́n ó ti mú ká máa retí igi àti eré. Dìgbòlugi míì wà tí kì í dìgbò lu ohunkóhun. Ajá á wọ abẹ́ mọ́tò tàbí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn lọ sùn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ohùn á yí padà, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ á jábọ́, itọ́ á máa já.

Ọkùnrin kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nínú àpótí bíà tó tẹ́ àpò sí. Ó ní, "Dókítà, ẹ bá mi wò ó, egungun ló há a lọ́fun. Láti àná ni ò ti lè pa ẹnu dé." Ajá náà jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wò mí. Kò gbó, kò halẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ti yọ síta, ó ti gbẹ níwájú, itọ́ sì ń fà láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bí omi ilá. Mo bi ọkùnrin náà bóyá ó ti ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀mẹta, òun ń wá egungun náà. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ọwọ́ rẹ̀. Lórí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, ojú ibi tí koríko ti gé e lóko ṣì là gààrà.

Ajá ò gé e jẹ rárá. Kò sí ẹni tí ì bá sọ fún un pé kó lọ gba abẹ́rẹ́. Ibi ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn ọ́fíìsì mi la ti fọ ọwọ́ rẹ̀, èmi ni mo sì ń wo aago. Ajá náà kú ní ọjọ́ kejì, mo fi orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, èsì sì padà wá pé dìgbòlugi ni. Èsì náà bá ọkùnrin náà níbi tó ti gba abẹ́rẹ́ méjì. Ó gba ìyókù. Ó wà láàyè, ó ń ṣe oko rẹ̀. Bí ẹ bá rí ajá tí ẹnu rẹ̀ là tí ò lè pa dé, ẹ má wá egungun.

Mo ní mo fi orí rẹ̀ ránṣẹ́. Èyí náà lọ́rọ̀ nínú. Bí ará àdúgbò bá ti pariwo "ajá dìgbòlugi", kùmọ̀ ló ń tẹ̀ lé e, orí ni wọ́n sì ń fọ́. Inú ọpọlọ yẹn ni ìdáhùn wà. Bí wọ́n bá ti fọ́ ọ yángá, kò sí ohun tí ilé àyẹ̀wò á yẹ̀ wò, àwọn tí ajá náà ti gé jẹ ò sì ní mọ ibi tí wọ́n dúró sí. Bí ajá tó géni jẹ bá ṣe é mú, ẹ tì í mọ́bìkan, ẹ máa fún un lóúnjẹ láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ sì ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Itọ́ ajá kì í ní fáírọ́ọ̀sì yìí ju ọjọ́ mélòó kan lọ kí àìsàn tó hàn lára rẹ̀, nítorí náà, ajá tó bá lé ọjọ́ mẹ́wàá tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá kò ní i nínú itọ́ lọ́jọ́ tó géni jẹ. Ẹ lè dá abẹ́rẹ́ dúró nígbà náà. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ná ni mo wí. Ẹ má fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣọ́ ajá kí ẹ tó wá abẹ́rẹ́ lọ.

Àwọn tó ń pa ajá tà wà nínú ewu ju gbogbo wa lọ. Iná ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí, ẹran tó jinná kì í ràn án. Ọ̀bẹ tó yọ̀ lu ọwọ́, itọ́ tó ta sójú, àti ajá tó ń jà nígbà tí wọ́n ń dì í ló léwu. Ajá tó ṣàìsàn sì ni olówó rẹ̀ sábà máa ń sáré tà. Àjẹsára wà tí ènìyàn lè gbà kí ajá tó gé e jẹ rárá. Èmi ti gba tèmi. Ó yẹ kí gbogbo ẹlẹ́ran ajá gbà á, bákan náà àwọn ọdẹ tó ń da ajá, àti àwọn abọ̀rìṣà tí wọ́n ń fi ajá bọ Ògún.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èyí ì bá má wáyé bí ajá bá ti gba abẹ́rẹ́. Ọmọ ajá tó bá pé oṣù mẹ́ta ti tó gbà á, kí ẹ máa tún un gbà lọ́dọọdún. Bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá ìlú kan bá gbà á, àrùn náà ò ní rí ibi fò sí mọ́, nítorí ajá kan tó ní in kì í sábà kó o ran ju ajá kan tàbí méjì lọ kó tó kú. Ẹ ò ní láti mú gbogbo ajá ìlú, ẹ ò sì ní láti máa pa ajá kiri. Bí wọ́n bá pa èyí tó ti gba abẹ́rẹ́, ọmọ ajá tí kò gbà á ló ń rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà abẹ́rẹ́ ni Mẹ́síkò tọ̀ títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi jẹ́rìí sí i ní ọdún 2019 pé dìgbòlugi ajá kì í pa ènìyàn níbẹ̀ mọ́, òun ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ní Switzerland nígbà kan, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú igbó ló ń gbé e kiri, ta ni yóò sì mú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gún lábẹ́rẹ́? Ní ọdún 1978 wọ́n fi àjẹsára sínú orí adìyẹ, wọ́n sì fọ́n orí adìyẹ náà sínú igbó. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ ẹ́, ó sì jẹ àjẹsára mọ́ ọn.

Nílé wa níhìn-ín, ilé ìwádìí àrùn ẹranko tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe àjẹsára fún ajá. Ohun tó ń kó ìdààmú bá àjẹsára náà ni ooru. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ wà, láti ilé tí wọ́n ti ṣe é títí dé abẹ́ awọ ajá. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì tí fíríìjì ò tutù mọ́, omi lásán lẹ ó gún fún ajá yín, ẹ ó sì gba káàdì dání. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ gún un léèrè ibi tó gbé e sí. Bó bá fi kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀ hàn yín, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá yọ ọ́ láti inú àpò ṣòkòtò, ẹ mú ajá yín padà.

Àrùn méjì péré ni aráyé tíì pa rẹ́ pátápátá: ṣànpọ̀nná lára ènìyàn, tí wọ́n kéde òpin rẹ̀ ní 1980, àti àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest, ní 2011. Fáírọ́ọ̀sì ni méjèèjì, àjẹsára ló sì pa wọ́n. Dìgbòlugi ò ní rí bẹ́ẹ̀, nítorí ó ní ilé nínú igbó tí a ò lè tì. Ó tilẹ̀ ní mọ̀lẹ́bí tó jẹ́ ọmọ ìlú wa. Ní 1956, àwọn olùṣèwádìí rí ọ̀kan lára àdán ajèso ní erékùṣù Èkó, Lagos bat ni gbogbo ayé ń pè é títí dòní. Ní 1968 wọ́n rí òmíràn ní Ìbàdàn, lára àwọn asín tí wọ́n mú ní Mọ́kọ́lá. Asín tí gbogbo wa mọ̀ ni, onímú gígùn tó ń rùn, tó jọ eku tí kì í sì í ṣe ìran eku. Mokola lorúkọ fáírọ́ọ̀sì náà nínú ìwé ìṣègùn ní Tokyo àti ní Paris. Ọmọbìnrin kékeré kan kú nípasẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1971. Ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an, mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè máa sá fún asín. Ṣùgbọ́n àjẹsára dìgbòlugi tí a ní kò ká a, ó sì ti pa ológbò tó gba àjẹsára ní Gúúsù Áfíríkà. Mo ń fẹ́ kí ọmọ Ìbàdàn kan tó ń ka ìwé yìí nílé ẹ̀kọ́ gíga fi ìyẹn sọ́kàn.

Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, tó jẹ́ ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, a máa ń gún ajá láìgba owó lábẹ́ igi ọ̀dán kan. Ọjọ́ náà gan-an ni Pasteur kú, ní 1895. Àwọn ọmọdé ló ń kó ajá wá jù. Okùn ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi so òmíràn lọ́rùn, òmíràn ọ̀já ìyá. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a kó kúlà, lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí ò lè ju ọmọ ọdún méje lọ sáré dé, ó gbé ọmọ ajá dúdú kan mọ́ àyà. Mo bi í pé oṣù mélòó ni ajá rẹ̀. Kò mọ̀. Mo wo eyín rẹ̀: kò tíì pé oṣù méjì. Mo ṣàlàyé fún un pé ó ku oṣù kan àti díẹ̀, mo kọ ọjọ́ náà sórí káàdì, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó kà á síta, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì bi mí bóyá màá wà níbí lọ́jọ́ náà. Mo ní màá wà.